Bí A Ṣe Kọ́ Páàkì Ajá ní Àdúgbò Wa ní Houston: Ohun Tí Mo Rí Kọ́

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ páàkì ajá sí àdúgbò, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mú, kó tó kan ọ̀rọ̀ owó. Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè mí láti béèrè bí a ṣe ṣe tiwa, owó ni wọ́n máa ń béèrè: ta ló fún yín, èló ló fún yín, ibo lẹ kọ̀wé sí? Owó ṣòro lóòótọ́, mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo páàkì ajá tí mo lọ wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ tiwa, mi ò rí ọ̀kan tó bàjẹ́ nítorí pé wọn ò rówó ra wáyà. Àwọn tó bàjẹ́, ohun tó bà wọ́n jẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò máa gé koríko wọn lẹ́yìn ọdún méjì, tí ariwo ìṣílé bá ti rọlẹ̀.

Apá ìwọ̀-oòrùn Houston ni à ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ìlú ti parí ṣùgbọ́n tí ilé ò tíì tán. A ò sí lábẹ́ ìlú Houston, a ò ní méyọ̀. Harris County ló wà lórí wa. Àjọ kan tó ń bójú tó omi ẹ̀rọ, gọ́tà àti kòtò ńlá tí omi òjò ń wọ́ sí ló ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀. MUD là ń pe irú àjọ bẹ́ẹ̀ níbí, ènìyàn márùn-ún tí àwa ará àdúgbò dìbò yàn ló sì ń darí rẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé, tí gbogbo wa ń pè ní HOA, wà lọ́tọ̀. Òun ló ń sọ fún ọ bí koríko rẹ bá ti ga jù. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, yóò máa ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ èkejì, wọn yóò sì máa fi tẹ̀rín-tẹ̀rín dá a padà.

Ilé wa kò tóbi lẹ́yìn. Bí ó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ wa nìyẹn: ilé ńlá, ẹ̀yìnkùlé bíńtín. Ajá wa, Tanímọ̀la, kì í ṣe ajá tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ láti ṣọ́lé. Ó fẹ́ sáré. Òfin sì wà pé a ò gbọdọ̀ tú ajá sílẹ̀ káàkiri àdúgbò, òfin tó dára ni, nítorí àwọn ọmọdé wà níta, àwọn arúgbó sì ń rìn. Ibi tí ajá ti lè sáré láìsí okùn lọ́rùn ló kù.

Páàkì ajá kan wà tí gbogbo Houston mọ̀, Millie Bush Bark Park, tí wọ́n fi orúkọ ajá Ààrẹ George H. W. Bush sọ. Inú George Bush Park ló wà, George Bush Park náà sì wà nínú Barker Reservoir, ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti gba omi òjò kó má baà ya wọ àárín ìlú. Ibẹ̀ dára púpọ̀, adágún wà tí ajá lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá rọ̀, ilẹ̀ yẹn á ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ yà á sọ́tọ̀. Nígbà tí ìjì Harvey dé lọ́dún 2017, omi bò ó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mọ́tò la fi ń débẹ̀. Ohun tí àdúgbò wa nílò ni ibi tí bàbá tí kò wakọ̀ mọ́ lè fẹsẹ̀ rìn dé láàárọ̀ pẹ̀lú ajá rẹ̀, kó sì jókòó.

Ìrìn àjò wíwo páàkì yìí kọ́ mi ní ohun kan tó ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Páàkì ajá sábà máa ń wà lórí ilẹ̀ tí kò ṣeé kọ́lé sí. Ti Berkeley ní California, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1979, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, wà nínú Ohlone Park, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti kó ilé kúrò nítorí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Millie Bush wà nínú ilẹ̀ omi. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan nínú wa ń wá ẹni tí yóò ta ilẹ̀ fún wa, mo ní kí a dáwọ́ dúró ná, kí a wo ilẹ̀ tí àdúgbò ti ní tẹ́lẹ̀ tí kò ṣeé lò fún nǹkan mìíràn. Ilẹ̀ tó wà létí kòtò omi òjò MUD la rí. Kò sẹ́ni tí yóò kọ́lé síbẹ̀ láéláé.

Ilẹ̀ méjì ni wọ́n fi hàn wá níbẹ̀. Èkíní gùn gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó sì rẹwà lójú. Èkejì fẹ̀ ní ìhà gbogbo, ṣùgbọ́n kò sí igi kan níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń fẹ́ èyí tó rẹwà. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò náà fún yín bí a ṣe ṣe é lórí tábìlì ilé ìdáná mi. Éékà kan jẹ́ 43,560 ní ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, èyí sì ni ìwọ̀n tí American Kennel Club, ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń sin ajá ní Amẹ́ríkà, ní kí páàkì ajá má kéré sí. Bí éékà náà bá dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wáyà tí yóò yí i ká yóò jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 835. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 100, gígùn rẹ̀ yóò lé ní 435, wáyà tí yóò yí i ká yóò sì lé ní 1,070. Éékà kan náà ni o. Bí kọngílá bá gba dọ́là 30 lórí ẹsẹ̀ bàtà kan, ó ti lé ní $7,000 tí a fi ra ẹwà. Ajá kékeré àti ajá ńlá sì gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wáyà tí yóò pín ibẹ̀ sí méjì á tún gba tirẹ̀. A mú ilẹ̀ tí kò nígi. Igi ṣeé gbìn.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ni ìwé àdéhùn. Mi ò lè sọ ọ́ tó. Kí dọ́là kan tó wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ni ilẹ̀, ta ló ni wáyà bí a bá ti rì í mọ́lẹ̀ tán, ta ni yóò san owó omi, ta ni yóò gé koríko, ta ni yóò kó ìgbẹ́ tó wà nínú àpótí ìdọ̀tí, ìnṣọ́ránsì ta ni yóò dìde bí ajá bá bu ẹnìkan jẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, MUD gbà pé gbogbo ohun tó bá wọlẹ̀ di tiwọn, pé ìnṣọ́ránsì wọn yóò bo ilẹ̀ náà, àti pé katakata tó ń gé koríko etí kòtò yóò máa wọlé sí páàkì náà. Àwa gbà láti pèsè ọ̀rá ìkógbẹ́, láti máa tún ilẹ̀ tí ajá bá gbẹ́ ṣe, àti láti ní ẹni tí wọ́n lè pè lórí fóònù nígbàkígbà. Nítorí katakata yẹn, a fi géètì kan tó fẹ̀ dáadáa sí ẹ̀yìn. Mo ti rí páàkì tí wọn ò rántí ṣe irú géètì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ tì ni wọ́n fi ń gé koríko éékà kan nínú oòrùn Texas.

Èyí tó gba àkókò jù ni ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò tí kò ní ajá. Wọ́n pọ̀ ju àwa tí a ní lọ, owó orí tiwọn náà sì wà nínú àpò MUD. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa rò pé ká sáré gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó gbọ́. Mo kọ̀. Ojúlé dé ojúlé la fi lọ bá wọn.

Alhaja kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa, ìyá àgbà tó wá láti Ìbàdàn láti bá ọmọ rẹ̀ wo ọmọ ọwọ́, tó sì jókòó sọ́dọ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n jókòó, ó gbọ́ mi tán.

“Ìyá Túndé, ajá lẹ fẹ́ máa torí ẹ̀ dáwó? Ṣé ẹ ò gbàgbé ilé?”

“A ò gbàgbé ilé, mà.”

“Ó dáa. Mi ò kórìíra ajá o. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, ajá tó máa ń wà nílé wa kì í dín ní méjì. Ṣùgbọ́n bí itọ́ ajá bá kan aṣọ mi, mo gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kí n tó kírun. Ibi tí wọ́n ní ẹ fẹ́ fi ẹnu ọ̀nà sí yẹn, ibẹ̀ gan-an ni à ń gbà lọ sí mọ́sálásí. Ṣé kí n máa yà fún ajá ni, àbí kí ajá máa yà fún mi?”

Ìbéèrè tó yẹ ni. Ìdílé àwọn ará Pakistan tó wà ní òpópónà yẹn ní ìṣòro kan náà, ojú ló ń tì wọ́n láti sọ ọ́ fún àwọn òyìnbó inú ìgbìmọ̀. A gbé ẹnu ọ̀nà lọ sí ìhà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọ̀nà kọnkéré tí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ yóò gbà wọlé wá gùn sí i, owó rẹ̀ sì gòkè. Mo ṣì gbà pé kò sí owó tí a ná tó so èso ju ìyẹn lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí MUD fẹ́ dìbò, Alhaja wá sí ìpàdé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó dìde, ó ní òun ò ní ajá, òun ò sì ní í ní, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ tòun. Ọmọ rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Àwọn márùn-ún tó jókòó níwájú yẹn kì í bẹ̀rù àìsówó tó bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù aládùúgbò tó ń bínú. Ajá tó bá lénìyàn lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Àwọn tí kò ní ajá ló dúró lẹ́yìn tiwa.

Ó wá kan owó. MUD gbà láti gbé wáyà, géètì àti omi ẹ̀rọ, nítorí ohun ìní wọn ni yóò jẹ́. Àwa ni yóò wá ìyókù: ìjókòó, ìbòòji, igi, ẹ̀rọ omi mímu ti ènìyàn àti ti ajá, òkúta wẹ́wẹ́ tí a ó tẹ́ sílẹ̀, pátákó òfin. Ìwé ìjọba náà tún wà. Ní Texas, iṣẹ́ gbogboogbò tó bá tó $50,000, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kí wọ́n yẹ àwòrán rẹ̀ wò bóyá àwọn aláàbọ̀ ara yóò lè lò ó. Ẹ fi owó àyẹ̀wò yẹn sínú ètò ìnáwó yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó tọrẹ ní Amẹ́ríkà máa ń béèrè rìsíìtì tí yóò fi yọ ọ́ kúrò nínú owó orí. Ẹgbẹ́ kékeré lè gba àṣẹ yẹn fúnra rẹ̀: fọ́ọ̀mù kan wà, 1023-EZ, owó rẹ̀ jẹ́ $275, ó wà fún ẹgbẹ́ tí kò retí pé owó tó ń wọlé yóò ju $50,000 lọ́dún, tí ohun ìní rẹ̀ kò sì ju $250,000 lọ. Àwa ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn. A lọ sábẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ti ní àṣẹ tirẹ̀, àkáǹtì wọn ni owó ń wọ̀, wọ́n ń yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún wàhálà wọn. Àwọn kan ní owó yẹn ń dùn wọ́n. Kò dùn mí. Wọ́n ń bá wa ṣe ìṣirò, wọ́n ń kọ rìsíìtì, nígbà tí ẹnìkan sì béèrè ní gbangba ìpàdé pé ibo lowó wà, ìwé wọn la fi hàn án, kì í ṣe ìwé tí èmi tàbí ọkọ mi kọ.

Ohun tó mú owó wọlé jù ni ìwé iye owó. Ojú ìwé kan péré ni: ìjókòó kan, iye rẹ̀ rèé, igi kan pẹ̀lú omi rẹ̀ fún ọdún méjì, iye rẹ̀ rèé, bíríkì kan tí a ó kọ orúkọ ajá rẹ sí, iye rẹ̀ rèé. Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ fowó sí inú agbada tí wọn ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bíríkì yẹn fún mi ní ìyàlẹ́nu. Àwọn tí ajá wọn ti kú ló rà á jù, àwọn mìíràn ra mẹ́ta, fún ajá ìgbà èwe wọn. Dókítà ẹranko méjì ra ìjókòó. Iléeṣẹ́ epo rọ̀bì níbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ètò láti fi irú owó tí òṣìṣẹ́ wọn bá dá kún un, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sanwó fún wákàtí tí òṣìṣẹ́ bá fi ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò, nítorí òṣìṣẹ́ púpọ̀ ni kò mọ̀ pé ètò náà wà.

Iléeṣẹ́ kan tún wá, ó ṣèlérí owó ńlá, ó ní kí a fi orúkọ òun pe gbogbo páàkì náà. A fún wọn ní ìwé láti fọwọ́ sí, oṣù ń lọ, wọn ò fọwọ́ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n ní ètò ti yí padà. Kò dá iṣẹ́ wa dúró, nítorí akápò wa, obìnrin ará Vietnam kan tó ń ṣe ìṣirò owó níbi iṣẹ́, kì í ka owó tí kò tíì wọ àkáǹtì mọ́ ohunkóhun. Ìwé méjì ló ń tọ́jú: owó tó wà lọ́wọ́, àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ra sìmẹ́ǹtì.

Ọ̀wẹ̀ náà wà níbẹ̀, bí àwọn òyìnbó ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ní orúkọ yẹn. Ọmọkùnrin kan tó ń wá oyè Eagle Scout, oyè tó ga jù nínú ẹgbẹ́ Scout, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n kan ìjókòó mẹ́rin. Àwọn obìnrin Yorùbá àdúgbò wa ta jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín ní ọjọ́ tí a mú ajá rìn yí àdúgbò ká fún ìdáwó. Mọ́ínmọ́ín tán kí aago méjìlá tó lù. Kò sí èyí tó sọ wá dọlọ́rọ̀ nínú gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá yín gbẹ́lẹ̀ kò ní í jẹ́ kí ajá òun ṣu síbẹ̀ kó má kó o.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀, amọ̀ ilẹ̀ Houston ni ẹ ó bá jà. Bí òjò bá rọ̀, ó ń wú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú un, ó ń sunkì, ó ń là. Òpó irin tí a rì láìjìn yóò máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ilẹ̀ ṣe ń yẹ̀. Ẹ rántí pé géètì méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà páàkì ajá. O ṣí èkíní, o wọ àyè kékeré àárín, o pa á dé, o tú okùn lọ́rùn ajá, kí o tó ṣí èkejì. Gbogbo ààbò páàkì náà wà lórí kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ihò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí òpó bá yẹ̀ díẹ̀, kò tó ìbú ìka kan, kọ́kọ́rọ́ yẹn kò ní í kan ihò rẹ̀ mọ́, géètì á dà bí èyí tó tì nígbà tí kò tì. Ajá á sì jáde sí títì. Nítorí náà a ní kí kọngílá gbẹ́ ihò òpó géètì jìn ju ti òpó yòókù lọ, kó da kọnkéré púpọ̀ sí i, kó sì lo kọ́kọ́rọ́ tí a lè tún gbé sókè-sódò.

Koríko kò pẹ́ níbi tí ajá ti ń sáré yí po lẹ́nu ọ̀nà. A tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, a fi koríko sí àárín. Ilẹ̀ náà rọra fì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí omi má baà dúró, nítorí omi tó bá dúró níbí ń bí ẹ̀fọn, ẹ̀fọn sì ni ó ń gbé aràn tó ń jẹ ọkàn ajá kiri. Èèrà pupa tún wà, tí í máa mọ òkìtì lẹ́yìn òjò. Ẹnìkan ń yí páàkì ká láti wò wọ́n.

Òfin tí a kọ sí pátákó kò pọ̀: kó ìgbẹ́ ajá rẹ, má mú oúnjẹ wọlé, má mú abo ajá tó ń gùn wá, má mú ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ tán. Ní Texas, òfin ìpínlẹ̀ ni pé ajá gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kó tó pé ọ̀sẹ̀ 16, nítorí náà kì í ṣe àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀.

Ìpinnu tí mo fi gbogbo agbára jà fún nínú ìgbìmọ̀ ni pé kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó tó bá wọlé sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú, kí a má fọwọ́ kàn án títí páàkì yóò fi ṣí. Ó mú kí ìṣílé pẹ́. Àwọn kan bínú, wọ́n ní owó ń sùn nígbà tí ajá kò rí ibi sáré. Mo yé wọn, èmi náà ń fẹ́ kí Tanímọ̀la sáré. Ṣùgbọ́n inú owó yẹn ni ọ̀rá ìkógbẹ́ ti ń jáde lóṣooṣù, inú rẹ̀ la ti ń sanwó fún ẹni tó ń yẹ ẹ̀rọ omi wò lọ́dọọdún kí omi ìdọ̀tí má baà padà sínú páìpù tí gbogbo wa ń mu. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tí ilẹ̀ là, tí òpó géètì kejì yẹ̀ bó ti wù ká rì í jìn tó, a pe kọngílá lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di ọjọ́bọ̀, kọ́kọ́rọ́ ti ń bọ́ sí ihò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé igbá kiri láti dáwó.